«Choosier» kì í ṣe èébú

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka ojú ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń tẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ní ẹni tí wọ́n bá pè ní choosier ni ẹni tí kò mọ ohun tó ń fẹ́. Rárá o! Ẹni tí ń ṣiyèméjì kọ́ ni choosy. Ẹni tó bá jẹ́ choosy mọ ohun tó fẹ́ dájú, kì í kàn gba ohunkóhun tí wọ́n bá nà sí i. Choosier wá ni ẹni tó ń ṣàṣàyàn ju ẹlòmíràn lọ, tàbí ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Láti ara choose ni choosy ti wá. Y tó gbẹ̀yìn rẹ̀ á di i, a ó wá fi er kún un, bí happy ṣe ń di happier. Àwọn kan ń sọ pé more choosy, n kò bá wọn jà. More choosier ni yíǹkì pupa mi kì í dá sí, nítorí er yẹn ti ṣe iṣẹ́ more tán.

Ìbáwí díẹ̀ lè wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti lò ó ló ń pinnu. Bí agbanisíṣẹ́ bá di choosier about àwọn tí yóò gbà, ọgbọ́n nìyẹn. Fussier ló sún mọ́ ìráhùn, ìyẹn ẹni tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe kí ìdánwò tó dé.

Èmi ni,
Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan