Sí Káyọ̀dé, ní Seoul

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, o ti sanra díẹ̀.

O bèèrè ohun tí mo ń ṣe gan-an nínú ẹgbẹ́ ìdíje géèmù tí wọ́n fi mí ṣe alága rẹ̀. Ẹ̀rín ni bàbá mi fi ń rín: "Ìyá ọlọ́mọ méjì, alága eré ọmọdé!" Mo ní àwọn ọmọ Kòríà tó gba wúrà nínú géèmù League of Legends ní Asian Games tó wáyé ní Hangzhou, ní Ṣáínà, ní 2023, ìjọba dá wọn sí nínú iṣẹ́ ológun ọlọ́dún kan ààbọ̀ tó pọn dandan. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kí ló wá kan Nàìjíríà níbẹ̀?" Èsì ò tíì sí lẹ́nu mi.

Ọ̀dọ̀ yín ni mo ń wò ṣe àwòkọ́ṣe. Èrò tó kún PC bang, ilé géèmù kọ̀ǹpútà yín, lẹ́yìn tí géèmù StarCraft jáde ní 1998 kọ́ ló wù mí níbẹ̀. Ohun tó wù mí ni pé ní 2000 wọ́n ti dá KeSPA, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso ìdíje géèmù ní Kòríà, sílẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àṣà sì fọwọ́ sí i. Eléré ní ìwé ẹ̀rí, rẹfirí wà, òfin wà. Nígbà tó fi máa di 2004, wọ́n ní èrò tó dúró sí etíkun Gwangalli ní Busan láti wo àṣekágbá tó 100,000.

Àwa náà ò ṣaláìní eléré o. Yà sí ilé géèmù èyíkéyìí ní Mushin nírọ̀lẹ́: ọmọ mẹ́jọ á há mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì kan, páàdì méjì tí wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù wé, ẹni tó bá fìdí rẹmi ló máa sanwó, ẹni tó borí á jókòó de ẹni tó kàn. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni kò sí. Oríṣiríṣi èèyàn ti gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí, wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn, wọ́n sì ná pápá bora. Nítorí náà, òfin tí mo kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ni pé owó ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ lọ́yà wa ká tó kéde ìdíje, kí álẹ́ẹ̀tì sì ti wọ fóònù ẹni tó gbégbá orókè kó tó jáde nínú gbọ̀ngàn. Ní Ìbàdàn, ọmọ tó borí ò tiẹ̀ wo ife ẹ̀yẹ rẹ̀, fóònù ló gbé lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá wo iye tó wà níbẹ̀, wọ́n wo ọmọ, wọ́n ní, "Géèmù yìí náà?" Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ àdúgbò wọn wá ń forúkọ sílẹ̀. Kò sí ìpolówó tó ṣe èyí fún wa rí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé kò sẹ́ni tó ni bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n géèmù ní ẹni tó ni ín. KeSPA alára bá Blizzard, iléeṣẹ́ tó ṣe StarCraft, fa ọ̀rọ̀ ẹni tó láṣẹ láti gbé StarCraft sórí tẹlifíṣọ̀n títí ó fi dé kọ́ọ̀tù, wọ́n ò sì yanjú rẹ̀ àfi ní 2011. Nítorí náà, ìwé ìyọ̀ǹda ni mò ń kọ ní òru, iṣẹ́ tó sú ni jù lọ nìyẹn. Mo tún máa ń sọ fún àwọn rẹfirí wa nípa eléré 11 tí wọ́n lé títí ayé ní Kòríà ní 2010 nítorí pé wọ́n ta ìdíje fún àwọn onítẹ́tẹ́. O ṣáà mọ bí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ṣe pọ̀ lójú pópó wa.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní sọ púpọ̀. Nígbà tí okùn abẹ́ òkun já ní March 2024, ìwọ náà gbúròó. Ojúkojú la fi ń ṣe ìdíje wa tó jọjú báyìí, pẹ̀lú íńfátà méjì.

Jọ̀ọ́, bá mi yà sí PC bang tó wà nítòsí rẹ. Bi ọ̀gá ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbowó, àti ohun tó ń rí gbà tí ìdíje bá wáyé lọ́dọ̀ rẹ̀, torí àwọn onílé géèmù wa ń bi mí léèrè. Bí o bá sì rí ìwé òfin rẹfirí wọn, ya gbogbo ojú ìwé rẹ̀ ní fọ́tò. Ìwọ lo máa túmọ̀ rẹ̀, mi ò sì ní san kọ́bọ̀.

Bá mi kí Ṣadé àtàwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Bùkọ́lá