Ilé Seriki Abass: ẹ jẹ́ ká tún ọdún kà

Sí Olóòtú,

Bí ìwé ìròyìn bá ti ń sọ̀rọ̀ Àgbádárìgì, ilé méjì ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ra. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ilé àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà) ni: 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó sì parí ní 1845. Agboolé ìdílé ni ilé Seriki Williams Abass, olóyè Àgbádárìgì tó ta ẹrú, ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi yàrá tí wọ́n kó ẹrú pamọ́ sí han àlejò, ibẹ̀ náà sì ni ibojì baba wà.

Orúkọ baba yìí gan-an, ìtàn ni. Ìdílé sọ pé ọmọ Jóga Orílé nílẹ̀ Ẹ̀gbádò ni, wọ́n sì mú un lẹ́rú ní kékeré. Abass ni orúkọ ará Dàhòmì tó rà á, Williams sì ni ti ẹni tó mú un lọ sí Brazil. Ẹni tí wọ́n tà ló padà wá ń tani. Kò yẹ ká bo ìyẹn mọ́lẹ̀ nítorí pé olóyè ni.

Yàrá 40, ẹrú 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n máa ń kà fún àlejò. Ìyẹn 1,600 èèyàn. Ká ní yàrá kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ pín in sọ́nà 40: ohun tó máa kan ẹnì kan kò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú lóòró. Omi ńkọ́? Bí ẹnì kan bá mu lítà méjì péré, lítà 3,200 ni lójúmọ́. Bí garawa tí wọ́n fi ń fa omi bá gba lítà 10, ìgbà 320 ni wọ́n máa sọ ọ́ sí kànga. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún alẹ́ kan kí ọkọ̀ tó kó wọn. Mi ò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan.

Ọ̀rọ̀ ọdún ló wá le jù. Wọ́n ní láàárín 1840 sí 1850 ló kọ́ ilé náà. 1919 ló sì kú. Bí ó bá jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1845, ẹni ọdún 94 ló kú yẹn. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ Brazil ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé ní 1850, àwọn olóyè Àgbádárìgì sì tọwọ́ bọ̀wé fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1852 pé àwọn ò tún ní ta ẹrú mọ́. Àyè tí ọmọkùnrin náà ní láti lọ, láti padà, láti lówó, kó sì kọ́lé kò gùn rárá. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kọ́ àwọn yàrá yẹn kó tó bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ilé fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí. Ẹ wo igun tí ògiri méjì ti pàdé: bí ìpele wọn bá wọnú ara wọn, ìgbà kan náà ni wọ́n mọ wọ́n, bí ọ̀kan bá kàn fara ti èkejì, tí ojú rẹ̀ là gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀, àfikún ni. Ẹ wo ìṣó ara férémù ilẹ̀kùn: èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ máa ń ní igun mẹ́rin, kì í dọ́gba, èyí tó rí roboto, ẹ̀yìn ni ó dé. Ẹ má fi páànù ka ọjọ́ orí ògiri, torí òrùlé a máa pààrọ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì tíì fi simẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ kankan kí ẹ tó ya fọ́tò àwọn igun wọ̀nyẹn. Simẹ́ńtì á bo ojú àpapọ̀ wọn, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀rinrin tó ń gòkè láti ilẹ̀ ráyè jáde. Amọ̀ á rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, á wá máa ya bọ́.

Lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ gba ìtàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnìkan má gbọ́ ti èkejì, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ohun tí a mọ ọdún rẹ̀, bí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 tó ṣáájú ikú baba. Lẹ́yìn náà, kí ìdílé rán ẹnìkan lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn fáìlì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹkùn Àgbádárìgì wà. Ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ béèrè, torí ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ẹni tó kọ́ ilé.

Òǹkàwé yín,
Àgbádárìgì