Oògùn kòkòrò kò ran àrùn ewé yànmọ̀tí

Olóòtú,

Ẹ bá wa fi èyí tó àwọn àgbẹ̀ Kabba, Ìjùmú àti Yàgbà létí. Bí àmì bá ti yọ lára ewé yànmọ̀tí, oògùn kòkòrò ni ọ̀pọ̀ ń sáré rà. Owó gbé nìyẹn. Irú ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ló ń ba ewé náà jẹ́.

Ẹ já ewé kan wò. Bí àmì rẹ̀ bá rí roboto, tí àárín rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, tí etí rẹ̀ sì pọ́n dúdú, àrùn tí wọ́n ń pè ní Cercospora ni. Bí ó bá ní òrùka nínú òrùka, àrùn Alternaria ni. Ìyẹn a máa dé ara igi àti èso. Àmọ́ bí òdòdó bá di ewé wẹ́wẹ́ tí igi kò so, kòkòrò ló ń gbé ìyẹn kiri. Ẹ fà á tu.

Cercospora àti Alternaria ń bá irúgbìn wọ oko. Ẹ po gíráàmù 3 thiram, ìyẹ̀fun oògùn tó ń dènà irú àrùn yìí, mọ́ kílò kan irúgbìn nínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa. Irúgbìn olóògùn tó bá ṣẹ́kù kò ṣeé jẹ, kò ṣeé tà lọ́jà.

Lójú tiwa, fífọ́n irúgbìn káàkiri ló ń dá kún un jù. Igi á há, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè, ewé á tutù títí di ọ̀sán. Ẹ gbìn ín ní ìlà, ẹsẹ̀ bàtà méjì síra; tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ dín in kù kí igi fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà síra. Ìparí oṣù Keje sí ìdajì oṣù Kẹjọ ni kí ẹ gbìn ín, kó lè gbó sínú ọ̀gbẹlẹ̀.

Bí àmì bá ṣì yọ, mancozeb, oògùn àrùn ewé, ni kí ẹ béèrè: gíráàmù 40 sínú ẹ̀rọ ìfọ́n-oògùn lítà 16. Ẹ kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ pò ó nínú ike, torí ìyẹ̀fun tó dì máa ń dí imú ẹ̀rọ. Ewé ìsàlẹ̀ ni àrùn ti ń bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ fọ́n abẹ́ ewé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kò ní wo ewé tó ti jóná, èyí tó kù ló ń dáàbò bò. Ẹ má dúró dìgbà tí ewé bá re tán. Ẹ tún un fọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Ẹni tó ń já ewé yànmọ̀tí sọ́bẹ̀ kò gbọdọ̀ já nínú oko yìí mọ́.

Lẹ́yìn ìkórè, ẹ sun igi rẹ̀, kí ẹ fi ọkà bàbà tàbí àgbàdo rọ́pò rẹ̀ fún ọdún méjì. Bí olóògùn bá sì wọn ìyẹ̀fun sínú ọ̀rá tí kò ní ìwé lára, ẹ má rà á: ẹ kò ní mọ iye ọjọ́ tó yẹ kó wà láàárín fífọ́n oògùn àti ìkórè.

Àwa olùtọ́nisọ́nà iṣẹ́ àgbẹ̀,
Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogi