Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Kẹ́ Ẹ Tó Ra Rédíò Àyọwá fún Ọkọ̀ Akẹ́rù Yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ojú ọ̀nà.

Rédíò ojúlówó tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀ dára fún ọkọ̀ àtijọ́. Kì í wọ olè lójú, ó sì máa ń lálòpẹ́. Àmọ́ ẹ má gbà á ní òun nìkan. Kí ẹni tó ń tà á gé orí wáyà rẹ̀ (èyí tó ń wọ ẹ̀yìn rédíò) mọ́ ọn, kí wáyà bíi 15 sẹ̀ǹtímítà ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀, nítorí orí wáyà yẹn ṣòro rí ju rédíò gan-an lọ. Ẹ béèrè kọ́dù rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń ti ara wọn pa tí iná bátìrì bá ti kúrò. Láìsí kọ́dù, ojú rẹ̀ á tàn, kò ní sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń lo iná 24 fóòtì (volt), rédíò ọkọ̀ kékeré sì jẹ́ 12. Àwọn kan máa ń fa iná lára bátìrì kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Àṣìṣe ńlá ni: bátìrì tí rédíò ń mu á máa gbẹ, èkejì á máa gba iná àgbàjù, méjèèjì ò sì ní pẹ́ kú. Ẹ̀rọ tó ń sọ 24 di 12 la máa ń fi sí i.

Sípíkà tí wọn ò so dáadáa lè jó rédíò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n so ẹsẹ̀ kan sípíkà mọ́ irin ara ọkọ̀. Rédíò tó dé lẹ́yìn wọn kì í gba irú ẹ̀. Wáyà méjì-méjì ni sípíkà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní. Kẹ́ ẹ tó so ó, ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò wọn wáyà sípíkà sí irin ọkọ̀. Bó bá ka òdo tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn, ó ti kan irin nìyẹn. Ẹ fa wáyà tuntun, kí sípíkà má sì wálẹ̀ ju 4 ohm lọ (ohm ni ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná; wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn sípíkà).

Wáyà iná méjì ló wà: ọ̀kan ní iná nígbà gbogbo, èkejì ń tẹ̀lé kọ́kọ́rọ́. Bẹ́ ẹ bá so ọ̀kan sípò èkejì, rédíò á máa gbàgbé àwọn ìkànnì tẹ́ ẹ tọ́jú sínú rẹ̀. Ẹ wọn méjèèjì, ẹ sàmì sí wọn, kẹ́ ẹ wá tú négétíìfù bátìrì kíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ sórí wáyà, ni kẹ́ ẹ fi jó ojú ìsopọ̀; èyí tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi téèpù dì, gbígbọ̀n ọkọ̀ á tú u.

Rédíò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rẹ̀ ló ń jí i, a kì í gbà á: kò ní tàn nínú ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀yìn rédíò ránṣẹ́ sí wa kẹ́ ẹ tó sanwó.