“Ó Dùn” Nìkan Kò Tó

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé nípa tíì l'Ábùjá, “ó dùn” nìkan kò tó. Bó bá jẹ́ ewé tíì Kakara ni, ti orí òkè Mambila ní Taraba, ẹ sọ bí ẹ ṣe pò ó: gíráàmù 2 sí mílílítà 200 omi tó ń hó, ìṣẹ́jú 3 sí 4. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nínú omi, á korò, á sì máa sún ahọ́n kì.

Tíì aláwọ̀ ewé kò fẹ́ omi híhó rárá. Ìwọ̀n ooru 80 (ti Celsius) ti tó o. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò láìsí mílíìkì àti ṣúgà, torí àwọn méjèèjì máa ń bo àṣírí ewé burúkú. Ti máíṣáyì, ẹni tó ń ta tíì lẹ́bàá títì, wà lọ́tọ̀ ní tirẹ̀: sísè ló ń sè é, pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù. Ẹ má fi wọ́n wéra.

Òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá.