Sí Àbẹ̀kẹ́ Ọmọ Mi, Nípa Fóònù àti Láptọ́ọ̀pù Tó Wà Lọ́wọ́ Rẹ

Ìṣọ̀kun, Iléṣà

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú làálàá ìwé. Bàbá yín ní kí n bá wọn kí ọ, àwọn àbúrò rẹ sì ń béèrè ọjọ́ tí ẹ máa gba ìsinmi. Àlàáfíà la wà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ tí o sọ fún mi lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní ẹnì kan pè é, ó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báǹkì, ó ní wọ́n máa ti àkáǹtì rẹ̀ pa kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àfi tó bá ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó kà á, owó ilé ọdún kan lọ. O ní àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé báwo ni ọmọ yunifásítì ṣe máa jẹ́ kí wọ́n fi irú ẹ̀ mú òun. Jọ̀ọ́, má bá wọn dá sí i. Lórí àga tó kọjú sí mi ní ṣọ́ọ̀bù yìí, mo ti rí tíṣà àgbà tó jókòó sunkún, mo ti rí nọ́ọ̀sì, mo ti rí bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì gan-an. Orí wọn pé, ìwé wọn sì pọ̀ ju tèmi lọ. Ẹni tó pè wọ́n ni kò fún wọn láyè láti ronú.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀wé fún èèyàn, tí mo ń ṣí ímeèlì fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB, tí mo ń tẹ èsì WAEC jáde. Nínú gbogbo ìtàn olè tí àwọn oníbàárà gbé wá síwájú mi, díẹ̀ ni èyí tí olè ti fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà wọlé. Èyí tó pọ̀ jù, ẹni tó ni nǹkan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún wọn, torí pé wọ́n kán an lójú. Bàbá mi àgbà ṣe òṣómàáló, wọ́n gbé aṣọ kiri Èkìtì dé Oǹdó, wọ́n ń tà á láwìn. Bí oníbàárà bá ń kán wọn lójú lórí owó, ṣe ni wọ́n máa ń jókòó, wọ́n á tún owó náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o ṣe. Ẹni tó bá pè ọ́ tó ní o gbọ́dọ̀ ṣe é nísinsìnyí, gé fóònù náà. Nọ́ńbà báǹkì rẹ wà lẹ́yìn káàdì ATM rẹ, ìwọ fúnra rẹ pè wọ́n. Bó bá jẹ́ báǹkì ló pè ọ́ lóòótọ́, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní OTP yẹn, kò sí òṣìṣẹ́ báǹkì kankan tó nílò rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń fi ránṣẹ́, inú ẹ̀rọ nìkan ni wàá sì ti tẹ̀ ẹ́, nígbà tó bá jẹ́ pé ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ ohun tí ò ń ṣe. Bó bá wọlé láìjẹ́ pé o béèrè fún un, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti wà lẹ́nu nǹkan rẹ, tó jẹ́ pé nọ́ńbà yẹn nìkan ló kù tó ń wá.

Bákan náà ni ti WhatsApp. Nọ́ńbà mẹ́fà ni tiwọn. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní òun fẹ́ fi orúkọ wọn sí ìpàdé àdúrà. Kí wọ́n tó se ọbẹ̀ tán, olè ti ń fi orúkọ wọn yá owó lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn tó mọ̀ wọ́n tí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún wọn ló kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Ohun tí a ṣe ni pé a yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù wọn, a tún un gbé sí i, a fi nọ́ńbà wọn wọlé, kóòdù tuntun wá, bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ ni ó lé olè náà jáde. Ṣùgbọ́n bí olè bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ọjọ́ méje lo máa dúró kí o tó lè wọlé padà. Nítorí náà, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ fi PIN tìrẹ sí i. Lọ sí Settings, wọ Account, wàá rí Two-step verification níbẹ̀. Bí o bá sì ti débẹ̀, wo Linked devices pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà tí o kò bá dá mọ̀ níbẹ̀, yọ ọ́.

Ímeèlì rẹ wá ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ ju ohun gbogbo lọ. Àwọn ọmọ máa ń rò pé báǹkì ló ṣe pàtàkì jù, pé kí lẹnì kan fẹ́ fi ímeèlì ṣe. Ẹni tó bá ti gba ímeèlì rẹ kò nílò páswọ́ọ̀dù ibòmíràn. Á kàn lọ sí Facebook, tàbí pọ́tà ilé ìwé, á ní òun gbàgbé páswọ́ọ̀dù, inú ímeèlì tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa fi ọ̀nà àtiwọlé ránṣẹ́ sí. Fún un ní páswọ́ọ̀dù tí kò sí níbòmíràn láyé rẹ. Orúkọ rẹ kọ́, ọdún ìbí rẹ kọ́, orúkọ ọ̀rẹ́kùnrin kọ́. Mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan, kí o tò wọ́n tẹ̀ léra. Gígùn rẹ̀ ló ń dá ẹ̀rọ àwọn olè lágara, ju pé kí o fi àmì kan ṣoṣo kún ọ̀rọ̀ kúkurú lọ.

Ìdí tí mo fi ní kó má sí níbòmíràn ni pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ nìkan ni páswọ́ọ̀dù ti ń jò. Ilé iṣẹ́ tí o fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lè jẹ́ kí olè wọlé, kí wọ́n kó ìwé orúkọ gbogbo èèyàn lọ. Olè á wá mú ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù yẹn, á máa dán an wò káàkiri. Ọkùnrin ará Ọsirélíà kan, Troy Hunt, dá ibì kan sílẹ̀ ní 2013 tó ń jẹ́ haveibeenpwned.com. Bí o bá tẹ ímeèlì rẹ síbẹ̀, á sọ fún ọ bó bá ti wà nínú ohun tí wọ́n ti kó lọ. Wò ó lálẹ́ òní. Bí páswọ́ọ̀dù bá pọ̀ jù fún orí rẹ, kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan kí o tì í mọ́ inú àpótí. Èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀, olè tó wà ní ìlú òkèèrè kò lè ka ohun tó wà nínú àpótí rẹ.

Mo fẹ́ kí o wo ọ̀rọ̀ sím dáadáa, torí ibẹ̀ ni owó àwọn èèyàn wa ti ń lọ jù. Bí wọ́n bá jí fóònù rẹ ní Lágèrè tàbí nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Iléṣà, títì tí o ti fóònù pa kò ní kí wọ́n má yọ sím. Wọ́n á fi í sínú fóònù mìíràn, wọ́n á tẹ *565*0#, BVN rẹ á jáde. OTP tí báǹkì bá fi ránṣẹ́, ọwọ́ wọn ló máa bọ́ sí. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni PIN orí sím fúnra rẹ̀, inú Settings fóònù rẹ náà ló wà. Béèrè PIN tó bá a wá lọ́wọ́ àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí o tó fọwọ́ kàn án, torí bí o bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó máa béèrè PUK, nọ́ńbà gígùn tí wọ́n fi ń ṣí sím tó ti tì pa. Bí fóònù bá sì sọnù, má kọ́kọ́ máa wá a kiri. Gba fóònù ẹni tó wà nítòsí, pe báǹkì kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ, lẹ́yìn náà pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n ti sím. Kọ nọ́ńbà àwọn méjèèjì síbi tí kì í ṣe inú fóònù.

Líǹkì. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í gbé ti ẹ̀bùn ìjọba tàbí ti owó ìrànwọ́ ọmọ ilé ìwé wá bá mi pé kí n bá wọn fi NIN wọn kún un. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àdírẹ́sì. Ibi tí àmì ọ̀pá (/) àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn orúkọ náà ni kí o wò, kí o máa kà á padà sẹ́yìn. Ti ilé ìwé yín ń parí sí oauife.edu.ng. Bí o bá rí oauife.edu.ng tí dọ́ọ̀tì (.) tún tẹ̀ lé e, tí orúkọ mìíràn sì wá lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ìkẹyìn yẹn ló ni ibẹ̀, kì í ṣe yunifásítì. Àmì àgádágodo tó máa ń wà lókè kàn ń sọ pé ẹlòmíràn kò lè gbọ́ ohun tí ìwọ àti wọn ń sọ ni. Olè náà ń lo àgádágodo.

Èyí tó kàn yìí, mo fẹ́ kí o kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìlú tí o wà yẹn, ẹnì kan máa wá bá ọ lọ́jọ́ kan, ó lè jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ, ó lè jẹ́ ẹni tó níwà pẹ̀lẹ́. Á ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ fi owó ránṣẹ́, pé àkáǹtì òun ti kún, pé kí o bá òun gbà á, kí o mú díẹ̀ níbẹ̀. Má ṣe é. Bí owó tí wọ́n jí bá gba inú àkáǹtì rẹ kọjá, orúkọ rẹ, BVN rẹ àti fọ́tò rẹ ni EFCC máa rí, ẹni tó rán ọ ti pa fóònù rẹ̀ nígbà yẹn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀ láti 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Má fi NIN rẹ gba sím fún ẹnikẹ́ni, má yá ẹnikẹ́ni ní káàdì ATM. Bí wọ́n bá ní o ò láàánú, kí wọ́n wí.

Ní ti láptọ́ọ̀pù àlòkù Lọ́ńdọ̀n tí bàbá yín rà fún ọ, wo inú rẹ̀ bóyá Windows 10 ló wà níbẹ̀. Microsoft ti parí àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún gbogbo ayé fún un ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Bó bá lè gba Windows 11, jẹ́ kí wọ́n nù ún mọ́, kí wọ́n gbé tuntun sí i, torí o ò mọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín fi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Má sì máa sún update síwájú torí dátà. Ní oṣù karùn-ún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé, títí kan ti ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí wọ́n san 300 dọ́là kí òun tó ṣí i. Àtúnṣe tó dí ihò tó gbà wọlé ti jáde láti oṣù kẹta. Àwọn tó gbé e sórí ẹ̀rọ wọn kò mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn ọmọ ilé ìwé yín tún máa ń fi ọ̀nà ẹ̀yìn ṣí Word àti nǹkan mìíràn tí wọ́n ń tà. Wo ohun tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún ọ máa kọ́kọ́ sọ: á ní kí o pa ààbò Windows ná. Kí lo rò pé ó fẹ́ gbé wọlé tí kò fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ rí? LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni mo fi ń tẹ̀wé fún èèyàn níbí. Ààbò tó bá Windows wá tó, má san owó fún òmíràn.

Fláàṣì rẹ, má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé bó bá jẹ́ inú fláàṣì yẹn nìkan ni iṣẹ́ rẹ wà. Àwa tí à ń tẹ̀wé náà ń ṣe ohun tí a lè ṣe, ṣùgbọ́n fláàṣì èèyàn púpọ̀ ló ń wọ kọ̀ǹpútà kan lójúmọ́. Nígbà mìíràn fóódà á di shortcut, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé iṣẹ́ òun ti lọ, bẹ́ẹ̀ fáìlì náà wà níbẹ̀, kòkòrò kàn gbé e pamọ́ ni. Fi PDF ránṣẹ́ sí wọn. Bí o bá sì gbọ́dọ̀ ṣí ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà wọn, má dìde láì jáde nínú rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń bá oníbàárà ti èyí tí wọ́n gbàgbé.

Ohùn èèyàn náà kò ṣeé gbà gbọ́ mọ́, ẹ̀rọ ti ń sín in jẹ. Bí o bá gbọ́ ohùn mi pé mo wà ní ọsibítù, mo fẹ́ owó kíákíá láti nọ́ńbà tí o kò mọ̀, béèrè ọ̀rọ̀ tí ìdílé wa nìkan mọ̀. Bí o bá wálé la máa fẹnu kò lórí rẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì gba àwòrán rẹ tó jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, tó ń fi dẹ́rù bà ọ́ pé kí o san owó, má san án. Bí o bá san èkíní, á tún padà wá. Má pa ohun tó kọ sí ọ rẹ́, ya fọ́tò rẹ̀, kí o sì pè mí ní wákàtí yẹn, ìbáà jẹ́ òru. Mi ò ní bú ọ. Mi ò ní bèèrè bí àwòrán ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Èmi àti ìwọ la jọ máa lọ bá ọlọ́pàá.

Mo ti ra hard disk kékeré kan, ẹ̀gbọ́n rẹ máa mú un wá fún ọ ní Ifẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Kó iṣẹ́ ìwé rẹ sí i, kó ẹ̀dà kan sí Google Drive, kí èkẹta wà nínú láptọ́ọ̀pù. Má máa fi disk náà sílẹ̀ lára láptọ́ọ̀pù, má sì máa gbé wọn sínú báàgì kan náà. Bí o bá ti ṣe PIN WhatsApp àti ti sím tán, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ