Nítorí èdè àwọn ìbejì

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara gbogbo yín le. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti kọ ọ́ pé olùkọ́ àwọn ìbejì ní kí ẹ jáwọ́ nínú sísọ èdè wa nílé, kí èdè ilé ìwé lè tètè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, má dán an wò.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú ìmọ̀ràn yẹn ti wà nílẹ̀. Nígbà kan, àwọn onímọ̀ pàápàá gbà pé èdè méjì ń dà ọmọ lọ́pọlọ rú. Ṣùgbọ́n ìwádìí wọn kò dọ́gba: ọmọ tálákà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá òbí rẹ̀ ṣí wọ̀lú ni wọ́n sábà ń fi wé ọmọ ẹni tó rí jájẹ, èdè tí ọmọ náà kò tíì gbọ́ tán ni wọ́n sì fi ń dán an wò. Ní 1962, àwọn onímọ̀ méjì kan, Elizabeth Peal àti Wallace Lambert, gbé ìwádìí tiwọn jáde láti Montreal, ní Kánádà. Wọ́n rí i dájú pé ipò àwọn òbí dọ́gba, àwọn ọmọ ọdún 10 tó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ṣe dáadáa nínú ìdánwò òye ju àwọn tó gbọ́ Faransé nìkan lọ. N kò sọ pé èdè méjì ló ń sọ ọmọ di ọlọ́gbọ́n o. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í pa ọmọ lára.

O ní àwọn ìbejì ń da èdè méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Àwa àgbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ń sọ ọ̀kan, èkejì kì í sùn nínú ọpọlọ rẹ̀, ṣe ni ọpọlọ ń dá a dúró. Ọmọ ọdún méjì pàápàá máa ń mọ èyí tó yẹ kó bá ìyá sọ àti èyí tó yẹ kó bá bàbá sọ. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ nínú ọ̀kan bá sì kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn, ka ti méjèèjì pọ̀ kí o tó dààmú.

Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni ọjọ́ tí wọn ò ní lè bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀: àwọn ẹbí rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, òun ń wojú ìyá rẹ̀ kó bá òun túmọ̀. Èdè ilé ìwé kò lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́, tẹlifíṣọ̀n àti ìgboro ló ń kọ́ wọn. Tiwa, ẹnu ìwọ àti bàbá wọn nìkan ló ní.

Nítorí náà, máa fi èdè wa bá wọn wí, máa fi gbàdúrà fún wọn, máa fi pìtàn kí wọ́n tó sùn. Bí wọ́n bá fi èkejì dá ọ lóhùn, má bínú, má sì yí tìrẹ padà.

Ní Sátidé, gbé fóònù fún wọn. Èmi fúnra mi á bá wọn sọ̀rọ̀ títí yóò fi sú wọn.

Bá mi kí bàbá wọn.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́